Ẹ Kú Ọwọ́ Lómi, Mọ́mì

Mọ́mì mi,

Ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi kò fẹ́ràn sìmẹ́ńtì tútù mọ́. Ẹ bá mi kí Mọ́gàjí agboolé wa, ẹ kí àwọn àbúrò mi àti àwọn ìyàwó ilé lápapọ̀. Ẹ kí tíṣà wa, ọkọ Tóyọ̀sí ọmọ mi, tí ó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù láìjẹ́ pé mo béèrè. Ìkíni kan ṣì kù tí mo jẹ yín. Láti ọjọ́ tí ọmọ tuntun Tóyọ̀sí ti dé ni ẹ ti ń retí rẹ̀ lẹ́nu mi, ẹ kò sì tíì gbọ́ ọ. Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rọra dé ibẹ̀.

Ojú yín kò gbé ìwé wẹ́wẹ́ mọ́, nítorí náà Tóyọ̀sí ni yóò ka lẹ́tà yìí fún yín, bí ó ti ń kà wọ́n láti ìgbà tí ó ti wà ní pírámárì. Tóyọ̀sí, kà á bí mo ṣe kọ ọ́. Má fo ibì kankan, má sì bá mi tún ọ̀rọ̀ ṣe nítorí pé o kò fẹ́ kí inú Mọ́mì bàjẹ́. Mo fún àwọn tí ń ṣe ìwé ìròyìn ìjọ wa níbí ní ẹ̀dà kan pẹ̀lú. Àwọn ìyá pọ̀ ní Òkè Ọya yìí tí ọmọ wọn dàgbà lọ́wọ́ ìyá àgbà nílé, tí wọ́n ní ohun kan nínú tí wọn kò rí ẹni sọ ọ́ fún. Ẹ má bínú pé mo gbé ọ̀rọ̀ wa síta. Kò sí ẹ̀tẹ́ kankan níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọyẹ́ ṣì ń jà ní Jọ́ọ̀sì níbí. Èyí tí ẹ ń pè ní ọyẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Omi inú garawa ń ta ni lọ́wọ́ láàárọ̀, ètè ń bó, gìgísẹ̀ ń là, eruku ń bà lórí ohun gbogbo títí kan ọṣẹ. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ nígbà tí ẹ wá pé ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibí yìí dó, ó ní láti jẹ́ pé ohun kan ló ń lé e bọ̀.

Ọjà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Tina Junction náà ni mo ṣì wà, orí tábìlì kan náà, òkìríkà náà ni mò ń tà, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní gwánjò: súwẹ́tà, bùláńkẹ́ẹ̀tì, fìlà onírun, ìbọ̀sẹ̀. Àsìkò òtútù ni àsìkò owó wa. Bélì, ìdì ńlá tí aṣọ náà máa ń wà nínú rẹ̀, ti wọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n ebi kò pa wá sùn. Bàbá Tóyọ̀sí wà dáadáa. Láti ìgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì, ó máa ń gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ síwájú ilé wa ní Naraguta láàárọ̀, yóò jókòó sínú oòrùn, yóò máa gbọ́ rédíò. Bí oòrùn bá ti sún, òun náà á sún bẹ́ǹṣì. Ilé wa dákẹ́. Yàrá tí a ní ti Tóyọ̀sí ni, aṣọ ọjà ló kún inú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Nítorí àwọn tí yóò kà á láìmọ̀ wá, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Tóyọ̀sí kò tíì tó ọmọ ilé ìwé nígbà tí ìlú yìí gbóná, tí èéfín ń rú lókèèrè, tí a kò mọ ọ̀nà tó ṣeé gbà. Mọ́mì ránṣẹ́ pé ká gbé ọmọ náà wá sílé kíá. Arábìnrin kan nínú ìjọ wa tó ń padà sílé ló bá wa gbé e lọ. A ní tí ìlú bá ti rọ̀, òun náà á padà. Ìlú rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti wọ ilé ìwé nígbà náà, Mọ́mì ní ká jẹ́ kó parí kíláàsì yẹn. Lẹ́yìn kíláàsì, ó di pírámárì. Lẹ́yìn pírámárì, ó di sẹ́kọ́ńdìrì. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún ẹnì kejì. Gbogbo rẹ̀ bọ́gbọ́n mu nígbà tí a ń ṣe é.

Ọdún Kérésì àkọ́kọ́ tí a lọ sílé, ó sá fún mi, ó sì fara pamọ́ sẹ́yìn ìró yín. Ẹ rántí. Ó gbọ́ tí àwọn àbúrò mi ń pè mí ní Àǹtí, òun náà pè mí ní Àǹtí. Nígbà tó rí i pé Àǹtí pọ̀ nínú agboolé, ó fi Jọ́ọ̀sì kún un kó má baà ṣì í. Àǹtí Jọ́ọ̀sì. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ni gbogbo ilé ń pè ní Mọ́mì, ohun tí òun náà ń pè yín nìyẹn. Ẹ pè é jókòó, ẹ ṣàlàyé fún un pé èmi ni mo bí i, pé èmi ni kó máa pè ní Mọ́mì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí a tó jẹun àárọ̀ tán, ó ti gbàgbé. Mo ní kí ẹ fi í sílẹ̀, pé bó bá dàgbà á yé e. Ó dàgbà lóòótọ́, ó sì yé e. Ọmọ dáadáa ni, ó ń bọ̀wọ̀ fún mi, ó mọ ẹni tó bí i. Àǹtí ló ṣáà mọ́ ọn lẹ́nu.

Nígbà tó lóyún lọ́dún tó kọjá, mo sọ nínú ara mi pé ó kàn mí wàyí. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lásà: bí ọmọbìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ ni yóò gbé báàgì wá, tí yóò máa wẹ ọmọ, tí yóò máa fi omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá ọmọ. Ẹnikẹ́ni kì í bá ìyá du ipò yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹrù jọ. Bélì kankan ò tú níwájú mi tí n kò kọ́kọ́ wá ti ọmọdé inú rẹ̀ sọ́tọ̀: súwẹ́tà kéékèèké, ọ̀kan tí wọ́n ya pẹ́pẹ́yẹ sí láyà, ìbọ̀sẹ̀ tí kò ju àtàǹpàkò lọ, fìlà onírun aláwọ̀ òféfèé kan tó ní kókó lórí. Mo ra òrí, ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn. Mo ra ácà, ọkà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀kọ fún abiyamọ níbí. Mo di gbogbo rẹ̀ sínú báàgì ńlá kan, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo sọ fún àwọn obìnrin ìjọ, mo sọ fún àwọn tí a jọ ń tajà, mo sọ fún àwọn tí kò bi mí.

Bàbá Tóyọ̀sí yọjú wo inú báàgì náà lọ́jọ́ kan, ó ní ṣé orí òkè ni wọ́n fẹ́ bí ọmọ ọ̀hún sí ni. Mo tún ki ìbọ̀sẹ̀ kan bọ inú rẹ̀. Nígbà tí òógùn ń bọ́ lára yín nínú ilé, tí ẹ ń wá abẹ́ igi jókòó sí, èmi ń di aṣọ onírun fún ọmọ tí wọ́n máa bí sínú ooru yẹn. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Jọ́ọ̀sì, kì í rántí pé gbogbo ayé kọ́ ni òtútù ń mú.

Ọmọ dé. Tóyọ̀sí pè mí fúnra rẹ̀ láti ọsibítù. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Obìnrin ni. Mo pariwo níbi tábìlì mi, àwọn tó yí mi ká gbè é, àwọn tó ń kọjá pàápàá dúró. Mo ní màá wọkọ̀ ní ìdájí ọ̀la. Ó wá rọra sọ pé kí Àǹtí má da ara wọn láàmú lójú ọ̀nà, pé Mọ́mì ti gbé omi kaná. Ó ní Mọ́mì ló wẹ òun náà nígbà tí wọ́n bí òun, ọwọ́ Mọ́mì ni òun fẹ́ lára ọmọ òun. Kò sí ìjà nínú ohùn rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Mo ní ó dára, mo ní kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ Mọ́mì. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ń já. Nẹ́tíwọ̀kì kò já.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin ìjọ yí mi ká. Ẹ kú ọwọ́ lómi o, Ìyá Àgbà. Bí a ti ń kí ará ilé ọmọ tuntun nìyẹn, torí pé ọwọ́ wọn kì í kúrò nínú omi: omi ìwẹ̀, omi ìlédìí, omi àgbo. Mo wo ọwọ́ mi. Ó gbẹ, ọyẹ́ ti jẹ́ kó sán wẹ́wẹ́. Mo ní a dúpẹ́. Báàgì náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí mo bá ti ṣí ilẹ̀kùn, á gbá a, á dún gbì. Mi ò tú u, mi ò sì gbé e kúrò níbẹ̀.

Ẹ pè mí, Mọ́mì. Ẹ ní kí n máa bọ̀, pé àwa méjèèjì la jọ máa ṣe é. Mo ní ọjà gba ọwọ́ mi. Lóòótọ́ ni ọjà wà, ṣùgbọ́n ọjà kọ́ ló dá mi dúró. Owú ni. Mò ń jowú ìyá tó bí mi. Tíṣà fi fọ́tò kan ránṣẹ́: ẹ jókòó sórí àpótí, ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ dùbúlẹ̀ lórí ojúgun yín, ọṣẹ bò ó lórí. Mi ò wo ojú ọmọ náà rárá. Ọwọ́ yín ni mò ń wò, mo sì bínú sí i.

Mo gbìyànjú láti lé ohun náà lọ. Mo gbààwẹ̀ sí i. Mo bá ara mi wí pé aláìmoore ni mí, pé obìnrin wo ló ní ìyá tó ṣì lágbára láti wẹ ọmọ ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí yóò tún máa bínú. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì ṣe nǹkan kan fún mi. Bí mo bá lé e gba ojúlé, á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Mama Ladi ló tà mí lólobó. Obìnrin ará ibí ni, ó ń ta kúnú, ohun mímu tí wọ́n fi ọkà ṣe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Hausa la jọ ń sọ. Òun ló yẹ kó bá mi mójú tó tábìlì bí mo bá lọ sílé, ó wá bi mí pé ìgbà wo ni mò ń lọ ná. Mo rò ó fún un. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn náà, ìyá ló ń bójú tó omi gbígbóná abiyamọ, bó bá jẹ́ òun ni, á dun òun dé eegun. Lẹ́yìn náà ó bi mí nípa ọkùnrin kan tí gbogbo wa mọ̀, tó máa ń wá láàárọ̀, tó máa ń tú gbogbo tábìlì, tó máa ń nájà gbogbo ẹ̀, tí kì í ra nǹkan kan. Ó ní báwo ni mo ṣe ń ṣe é. Mo ní mo máa ń kí i, màá fi í sílẹ̀ kó tú u. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á lọ, màá sì ká aṣọ mi. Ó ní ṣé mi ò bá a jà. Mo ní ta ló lágbára ẹ̀. Ó ní kí ló wá dé tí mo ń bá owú yìí jà. Ó ní kí n sọ fún un pé sannu, ìyẹn pẹ̀lẹ́ ní Hausa, bó bá dé. Ẹnì kan ti mú ife dé láti ra kúnú, ó sì kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ ni. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ti ki ọwọ́ bọ omi tútù láti bọ́jú, ó dé. Mo ní, Owú, sannu, o ti jí. Ara mi pa mí lẹ́rìn-ín. Kò lọ o, Mọ́mì. Ó tú gbogbo ẹrù sílẹ̀: ó fi ọmọ tó sá sẹ́yìn ìró hàn mí, ó fi gbogbo ọjọ́ ìbí tí mo kí i lórí fóònù hàn mí. Mo jókòó, mo jẹ́ kó tú u. Mo sunkún díẹ̀. Nígbà tó yá ó lọ, mo ká aṣọ mi, mo lọ sọ́jà. Ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kì í wá títí di ọ̀sán.

Níbi tó ti ń tú ẹrù báyìí lọ́jọ́ kan ló ti fa ohun tí mo ti gbàgbé jáde. Ẹ wá sí Jọ́ọ̀sì nígbà tí mo bí Tóyọ̀sí. Ẹ wọ súwẹ́tà méjì, ẹ tún gbé kóòtù ọkọ mi lé e, ẹ ń bú òtútù bí ẹni ń bú olè. Nínú kíṣìnnì wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ẹ jókòó, ẹ na ẹsẹ̀, ẹ ń wẹ ọmọ. Ẹ tẹ orí rẹ̀, ẹ na apá rẹ̀, ẹ sọ ọ́ sókè, ẹ hán an. Èmi ni mo dúró tí yín, mo di aṣọ ìnura mú. Mo ní kí n dán an wò. Ẹ ní kò tíì yá, kí n máa wò. Mo wò títí ẹ fi padà sílé, ọmọ sì ti le lọ́rùn nígbà yẹn. Tóyọ̀sí ni àkọ́bí mi, òun náà ni àbígbẹ̀yìn. Mọ́mì, n kò wẹ ọmọ tuntun jòjòló rí láyé mi. Ọwọ́ tí mo di ẹrù fún yìí, tí mo fẹ́ gbé wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ wá gba ipò, kò mọ iṣẹ́ náà.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìyẹn fún ìgbà díẹ̀. Ọwọ́ yín ló wẹ̀ mí, ó wẹ ọmọ mi, ó ń wẹ ọmọ ọmọ mi. Bó ṣe rí nìyẹn. Kò pa ìrora náà rẹ́. Òun àti ìrora náà jọ wà nínú yàrá ni, ọ̀kan kò lé èkejì jáde.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé báàgì náà lọ sọ́jà. Mo tẹ́ súwẹ́tà ọmọdé wọ̀nyẹn sórí tábìlì. Ọ̀dọ́bìnrin kan dé láti apá Bauchi Road, ó jọ akẹ́kọ̀ọ́, ó pọn ọmọ kékeré kan, orí ọmọ náà wà ní gbangba nínú ọyẹ́. Fìlà onírun yẹn ló mú. Ó nájà, mo sọ iye, ó san. Ọwọ́ mi kò tètè fi í sílẹ̀. Mama Ladi ń wo ibòmíràn. Mo wá dé fìlà náà fún ọmọ ọ̀hún fúnra mi, mo fà á bo etí rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n sọdá títì, mò ń wo kókó orí fìlà náà láàárín èrò títí kẹ̀kẹ́ kan fi dí i mọ́ mi lójú. Mo dúró de ìrora. Ó dé, mo kí i. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti ta púpọ̀ nínú ìyókù. Mo fi súwẹ́tà ẹlẹ́pẹ́pẹ́yẹ sílẹ̀, nítorí bí ọmọ yìí bá wá kí mi lọ́jọ́ kan, òtútù á mú un.

Mo ti fi òrí àti ácà rán dírẹ́bà tó ń ná ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, mo fi ọ̀dùnkún òyìnbó díẹ̀ sí i. Ẹ ṣan ácà náà dáadáa kí ẹ tó gbé e kaná, iyanrìn máa ń wà nínú rẹ̀. Tó bá di Àjíǹde, èmi náà ń bọ̀. Mi ò ní bá yín du àpótí. Ẹ jókòó síbẹ̀, kí ẹ sì fún mi ní aṣọ ìnura. Bí ẹ bá ní kí n dán an wò, màá dán an wò. Bí ẹ bá ní kí n máa wò, mo mọ bí wọ́n ṣe ń wò.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ọmọ yìí máa tó sọ̀rọ̀, inú agboolé yẹn ló sì ti máa kọ́ ọ. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè mí ni òun náà yóò máa pè mí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é jókòó pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń jẹ́ orúkọ yẹn, ó ti bá mi lára mu. Ọmọ mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Bó bá pè mí, màá dáhùn. Tóyọ̀sí, mo mọ̀ pé o ti dúró. Nu ojú rẹ, kí o ka ìyókù fún Mọ́mì.

Kí Ọlọ́run fi okun sí ẹsẹ̀ tí ẹ nà sílẹ̀ yẹn, kí ó má jẹ́ kí ẹ̀yìn dùn yín. Kí ọmọ náà dàgbà, kó gbó, kó fi orí ire rìn láyé. Bàbá Tóyọ̀sí ní kí n kí gbogbo yín, ó ń sún bẹ́ǹṣì lọ́wọ́. Mama Ladi ní sannu.

Ó wá ku ìkíni tí mo jẹ yín. Láàárọ̀ yìí mo sọ ọ́ létí garawa, ó dún dáadáa, ni mo fi jókòó kọ̀wé. Ẹ kú ọwọ́ lómi o, Mọ́mì.

Èmi ni ọmọ yín,
Àǹtí Jọ́ọ̀sì